Ohun tí «prevent» ń sọ nígbà kan rí: Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn atúmọ̀ èdè Wélíṣì

Ní ọdún 1563, ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ́nù pàṣẹ pé kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Wales, pẹ̀lú ti Hereford, mú kí a túmọ̀ Bíbélì àti Ìwé Àdúrà sí èdè Wélíṣì. Ọdún 1567 ni Ìwé Àdúrà jáde, pẹ̀lú Májẹ̀mú Tuntun. William Salesbury ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń túmọ̀ Bíbélì lè padà sí Gíríìkì àti Hébérù. Ní ti Ìwé Àdúrà, lóòótọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti inú Látìn wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí wọ́n túmọ̀. Níbẹ̀ ni a ti lè mọ bí àwọn ará Wales ṣe ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo «prevent». Àdúrà kan ń bẹ Olúwa pé kí ó «prevent» wa nínú gbogbo ìṣe wa. Ẹni tó bá gbé Gẹ̀ẹ́sì òde òní lé e yóò rò pé wọ́n ní kí Ọlọ́run dí àwọn lọ́wọ́. Ọ̀nà mìíràn ni àwa tí a kàwé ní Faransé ń gbà ṣìnà: «prévenir» ló ń wá sí wa lọ́kàn, a ó sì rò pé ìkìlọ̀ ni. Inú Látìn ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ «wá ṣáájú». Ìwé Àdúrà Wélíṣì àtijọ́ lo «rhagflaena», tí «blaen», iwájú, wà nínú rẹ̀. Kí Olúwa ṣáájú wa ni wọ́n ń bẹ̀.

«Worship» le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìjà ti wà lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Nínú ètò ìgbéyàwó, ọkọ sọ fún ìyàwó pé òun yóò fi ara òun «worship» rẹ̀. Ní ọdún 1572, àwọn Púrítánì kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin pé èyí sọ ìyàwó di òrìṣà. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dákẹ́ sáàárín; Wélíṣì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní «addoli» fún sísin Ọlọ́run àti «anrhydeddu» fún bíbu ọlá fún ènìyàn. Dandan ni kí atúmọ̀ yan ọ̀kan. «Anrhydeddu» ni Ìwé Àdúrà Wélíṣì yàn. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣòro fún wa: ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún Alákétu kò bọ ọ́.

Nígbà mìíràn, Faransé a máa ràn wá lọ́wọ́. «Quick» tí a fi kọjú sí òkú, alààyè ni. «Vif» Faransé ṣì mú ìyè àti ìyára pọ̀ títí dòní.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Òfin ọdún 1536 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ilé ẹjọ́ ní Wales, nítorí náà ìwé ẹjọ́ àtijọ́ tí àwọn òpìtàn Wélíṣì ń túmọ̀ lónìí pọ̀. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá pe adájọ́ ní «indifferent», ó ń yìn ín pé kì í ṣe ojúsàájú ni. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí kò bìkítà ti ba olóògbé lórúkọ jẹ́. Ní tèmi, ìtumọ̀ Wélíṣì ìgbà náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, kí a tó ṣí ìwé atúmọ̀ òde òní. Wélíṣì náà a sì máa yí: «rhagflaenydd» lónìí ni ẹni tó di ipò kan mú ṣáájú ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí Geiriadur Prifysgol Cymru fi wúlò, nítorí ó ń fi ọdún sí àpẹẹrẹ lílo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1921 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. 2002 ni ó tó parí.

Samuel Ajayi Crowther náà túmọ̀ Ìwé Àdúrà yìí sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19. Gẹ̀ẹ́sì tó ti lé ní 200 ọdún ló bá pàdé. Ní ti Salesbury, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ń fọ̀ lójú ayé rẹ̀ ni.