Kunta Kinte Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Eré Ọdún 1977 àti Ti Ọdún 2016

Ní ọdún 1976 ni Alex Haley tẹ ìwé rẹ̀, Roots, jáde. Ìtàn Kunta Kinte ni, ọmọ Mandinka tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà, ẹni tí òǹkọ̀wé náà pè ní baba ńlá rẹ̀. Iléeṣẹ́ ABC fi ìwé yìí ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kìíní 1977. Iléeṣẹ́ History tún un ṣe ní 2016.

Juffure, ìlú Kunta, ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Nínú eré àkọ́kọ́, abúlé kékeré tí ó wà ní jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni; ibi tí Kunta ti ń wá igi ìlù ni àwọn akónilẹ́rú ti ká a mọ́. Nínú èkejì, ìlú òwò ni. Ọ̀dọ́ jagunjagun ẹlẹ́ṣin ni Kunta, ìdílé tí ó ń bá ti bàbá rẹ̀ ṣọ̀tá ni ó sì fà á lé òyìnbó lọ́wọ́.

Àtúnṣe yìí bá ìwádìí àwọn òpìtàn mu. Láti 1661 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba odi kan ní erékùṣù odò Gáńbíà nítòsí Juffure. Òwò ẹrú kò ṣe àjèjì níbẹ̀ ní 1767 tí Haley ní wọ́n mú Kunta. Ṣùgbọ́n ní 1981, Donald Wright tún fi hàn pé ẹ̀rí àtẹnudẹ́nu tí Haley gbọ́ ní Juffure kò tó láti fi so ìran rẹ̀ mọ́ ti Kunta.

Àríwísí yìí ni eré kejì fi sílẹ̀: Haley ṣì ni asọ̀tàn, Kunta ṣì ni baba ńlá rẹ̀. Ó tún ìlú ṣe, kò tún ìran ṣe. Ẹni tí yóò bá fi eré náà kọ́ni ní ìtàn gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀.