Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì

Ẹni tí ó bá dúró sí etí títì Bódìjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rò pé oko ẹgàn ni gbogbo ará Ìbàdàn ń lọ. Jíìpù ni iwájú, jíìpù ni ẹ̀yìn. Wọ́n ga, táyà wọn sì fẹ̀, bí ẹni pé inú ẹrẹ̀ àti òkúta ni wọn yóò gbà kọjá kí wọ́n tó dé ilé ìfowópamọ́ ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ púpọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Gbogbo ọkọ̀ ni ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Méjì ń fà, méjì ń tẹ̀lé e lásán.

Èyí ni ó tún gbé ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ lọ́kàn mi dìde. Àwọn mẹkáníìkì ìlú yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Wọ́n lè gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú òmíràn. Wọ́n lè gé ọkọ̀ sí méjì kí wọ́n sì tún un jó pọ̀. Kí ló dé tí wọn kò fi agbára sí ẹsẹ̀ méjì yòókù fún àwọn ọkọ̀ tí ó ń rì sínú ẹrẹ̀ lójú wọn láti ọdún gbọọrọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ padà sí ayé bọ́lẹ̀kájà. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti egungun rẹ̀ ti ń wá, ìbáà jẹ́ Bedford, ìbáà jẹ́ Austin. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń to ìjókòó sí i, kí ẹlòmíràn tó wá kọ òwe tàbí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì sí iwájú rẹ̀. Òun ni ó ń kó èrò, òun náà ni ó ń kó kòkó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Bí òjò bá ti rọ̀ sí ọ̀nà abúlé, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lójú kan bí òkòtó, ọmọ ọkọ̀ yóò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtì igi ìdènà tí ó máa ń gbé kọ́wọ́. Èrò yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, wọn yóò gé ẹ̀ka igi sí abẹ́ táyà, wọn yóò sì fi èjìká ti ọkọ̀. Bí mo bá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ènìyàn ni ẹsẹ̀ iwájú tí ọkọ̀ náà kò ní. Agbára wọn kò mu epo, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti ra ẹ̀yà ara rẹ̀ láti òkè òkun. Kòkó tí a tì jáde báyìí wà nínú owó tí a fi kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀, tí ó parí ní 1965.

Ní ilẹ̀ ibòmíràn, wọ́n ti ń wá ọgbọ́n mìíràn. Ní ọdún 1931 ni àwọn ọkùnrin méjì, Marmon àti Herrington, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí ó sọ wọ́n di olókìkí ni pé wọn a gba ọkọ̀ akẹ́rù Ford tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ń ṣiṣẹ́, wọn a sì gbé irin mìíràn sí iwájú rẹ̀ tí gbogbo ẹsẹ̀ yóò fi máa yí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, irú irin yìí ni àwọn ará South Africa rà láti fi ṣe ọkọ̀ ogun tí wọ́n lò ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti bá àwọn ará Ítálì jà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ogun yẹn. Àwọn ni ó wọ ìlú Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941.

Ogun Bóma ni ó tún fi ọ̀ràn náà hàn wá jù. Ní 1944, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ wọ àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà tóóró gba orí òkè, nǹkan bí máìlì márùndínlọ́gọ́rin, tí jíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nìkan lè gbà. Ibi tí ọ̀nà jíìpù parí sí, orí ènìyàn ni ẹrù bọ́ sí. Nínú ogun kan náà, àwọn ènìyàn wa rí ẹ̀rọ tí ó lè gun òkè ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n sì tún rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá dúró, orí tiwọn ni ó kàn.

Ní 1948 ni Land Rover jáde fún gbogbo ayé rí ní Amsterdam. Kò pẹ́ tí ó fi di ọkọ̀ ìjọba lọ́dọ̀ wa: ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ àwọn tí ń wọn ilẹ̀, ọkọ̀ àwọn olùkọ́ àgbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 pàápàá, a ní ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn níbí, tí ó ń to Land Rover àti ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀. Mo rò pé ibí yìí ni apá kan ìdáhùn wà. Ẹni tí ó nílò ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jù, ìjọba ni ó ń ra tirẹ̀ fún un. Àgbẹ̀ tí ó nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lówó ìjọba lọ́wọ́, èjìká ni ó ní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọgbọ́n ni kò tó. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún ti di ọkọ̀ òdì, àwọn mẹkáníìkì wa sì kọ́ bí a ti í gbé sítíárìn, pátákó iwájú awakọ̀ àti ẹsẹ̀ bíréèkì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Wọ́n ṣì ń ṣe é fún àwọn tòkunbọ̀ tí ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ẹni tí ó bá lè ṣe èyí láìní ìwé ìtọ́sọ́nà kankan ju ojú inú rẹ̀ lọ, kí ni kò lè ṣe?

Ọkọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n fi dánra wò wà lọ́wọ́ wọn. Peugeot 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ fún wa. Ta ni kò wọ̀ ọ́ rí? Òun ni olùkọ́ yunifásítì ń gbé jáde ní Àgbówó, òun náà ni ó ń kó èrò lọ sí Èkó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó fi ń rìn. Ní ìlú Faransé, ní agbègbè Alsace, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Dangel gba 504 yìí gan-an, ó gbé ara rẹ̀ sókè, ó fi agbára sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ó sì gbé e hàn ní Paris ní 1980. Ilé iṣẹ́ kékeré ni tirẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà, inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́.

Mo gbé ìbínú náà lọ bá àgbà mẹkáníìkì kan ní ẹ̀bá Challenge, ẹni tí ó fi Land Rover kọ́ṣẹ́ ní kékeré.

“Ẹ jókòó, ọ̀gá,” ni ó wí. Ó mú sípánà, ó fi ya ọkọ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó ní lẹ́yìn àpótí jíà, ẹ gbọ́dọ̀ fi àpótí mìíràn sí i tí yóò pín agbára sí ọ̀nà méjì. Láti ibẹ̀, ọ̀pá kan ń lọ sí ẹ̀yìn, òmíràn ń bọ̀ sí iwájú. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń yà sọ́tùn-ún sósì, nítorí náà irin tí ó ń yí i gbọ́dọ̀ ní oríkèé bí ọrùn ọwọ́, kí ó lè tẹ̀ kí ó sì máa yí. Ibi tí irin náà yóò gbà, agbada epo ẹ́ńjìnnì ti jókòó síbẹ̀. Nítorí náà ni ọkùnrin ará Faransé yẹn fi gbé ọkọ̀ sókè.

“Ìyẹn kọ́ ni ó le jù,” ni ó tún wí. “Iye yíyí ni. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ní láti yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ti iwájú gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan bá yá ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò máa bá ara rẹ̀ jà.”

Ó ní kódà bí wọ́n bá dọ́gba, ẹsẹ̀ iwájú ń rin ọ̀nà tí ó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Nínú ẹrẹ̀, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, ìjà náà yóò sì parí. Lórí ọ̀dà, kò sí ibi tí yóò yọ̀ sí; irin ni yóò gba ìyà náà. Nígbà náà ni ó sọ fún mi pé òun ti dán an wò rí, ní àárín àwọn ọdún 1980, fún oníbàárà kan tí ó ń kó pákó láti inú igbó. Ó gbé ìdí iwájú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí ó ti bàjẹ́ sí abẹ́ píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ọkọ̀ náà jáde nínú ẹrẹ̀ bí ẹṣin. Ó dé orí títì Ring Road, ó rin ọ̀sẹ̀ méjì, àpótí jíà fọ́. Iye yíyí kò bára mu. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń san owó oníbàárà náà padà, kò sì tún dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Ó yé mi nígbà náà ìdí tí Dangel fi borí níbi tí ọkùnrin yìí ti ṣubú. Kò mọ iṣẹ́ jù ú lọ ní ti ọwọ́. Ó rí ẹni gé jíà tuntun sí ìwọ̀n tí ó fẹ́. Tiwa ń ṣa ohun tí ó bá rí láàárín òkú ọkọ̀. Owó tí ó sì fi kọ́ àṣìṣe, àpò ara rẹ̀ ni ó ti jáde.

Bí mo ti fẹ́ dìde, mo rí àwọn ọ̀pá irin gígùn mélòó kan tí wọ́n fi ti ògiri. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pá iwájú àwọn jíìpù ni. Àwọn tí ó ní wọn ní ó ń mu epo jù, tàbí pé oríkèé rẹ̀ ti jẹ tí owó òmíràn kò sì sí, wọ́n ní kí òun yọ ọ́, kí ọkọ̀ máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan lọ. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni.

“Wọ́n ń padà wá gbà á?” ni mo bi í.

Ó nawọ́ sí èyí tí ó ti dógùn-ún jù. Ó ní ọdún kẹta rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.