Orúkọ Jeeves Kì í Ṣe Ìrántí Òkú

Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Percy Jeeves, tó ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ Warwickshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni òǹkọ̀wé P. G. Wodehouse ti mú orúkọ tó fún Jeeves, ìránṣẹ́ ọlọ́gbọ́n inú ìtàn rẹ̀. Òótọ́ sì ni pé ogun ló pa Percy, ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1916, lójú ìjà Somme, tí wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Inú òótọ́ méjèèjì yìí ni àwọn kan ti yọ ẹ̀kẹta tí kì í ṣe òótọ́: pé ńṣe ni Wodehouse fi orúkọ náà ṣe ìrántí ọmọ ogun tó kú. Ó dùn ún gbọ́, mo gbà. Àmọ́ ọdún wọn ò bára mu.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915 ni Jeeves kọ́kọ́ yọjú, nínú "Extricating Young Gussie", tí ìwé ìròyìn Saturday Evening Post gbé jáde ní Amẹ́ríkà. Ó ṣì ku nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kí Percy tó kú. Ta ló ń ṣèrántí òkú fún ẹni tó ṣì ń jẹun? Wodehouse fúnra rẹ̀ ṣàlàyé nínú lẹ́tà kan lọ́dún 1967: ó rí Percy lórí pápá ní Cheltenham kí ogun tó dé, ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù sì wù ú. Lóòótọ́, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, àgbàlagbà sì lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ gbè é: Warwickshire gbá ní Cheltenham ní oṣù Kẹjọ ọdún 1913.

Àṣìṣe kejì ló bí mi nínú jù. Nítorí pé orúkọ nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n ní eléré yẹpẹrẹ ni Percy. Ìdíje ńlá tó gbá kò pọ̀ lóòótọ́, 50 péré ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á. Yorkshire tí wọ́n bí i sí dán an wò, wọn ò mú un. Akọ̀wé Warwickshire ló rí i ní abúlé Hawes lọ́dún 1910, òfin ìgbà náà sì ni pé ẹni tí wọn ò bí sí ẹkùn kan gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì kó tó lè bá wọn du ife. Àlejò láti Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ló lè bá gbá ní 1912. Ó wá ku ọdún 1913 àti 1914. Ní 1913 nìkan, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 106. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 199, èyí tí kò ná an ju nǹkan bí 20 rọ́ọ̀nù lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ tó ṣojú orílẹ̀-èdè wọn kò sì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ní pápá The Oval lọ́dún 1914, Plum Warner, tó ti jẹ́ balógun ikọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wò ó, ó ní yóò gbá fún orílẹ̀-èdè náà láìpẹ́. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Percy sì wọ iṣẹ́ ọmọ ogun.