Ohun Tó Ń Gba Iná àti Ohun Tó Ń Ti Ọta: Ẹ̀tù Dúdú àti Àwọn Arọ́pò Rẹ̀ Nínú Ìbọn Tí A Ń Ki Lẹ́nu

Akẹgbẹ́ mi kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé ẹ̀tù gbogbo, ẹ̀tù ni. Pé bí ọdẹ bá ti mọ ìwọ̀n tí yóò bù, kò sí èyí tí kò ṣe é ki sínú ṣakabùlà nínú àwọn arọ́pò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń tà. Ó tún fi kún un pé ẹ̀tù tó lágbára ju ti Ìbàdàn lọ ni àwọn Èkìtìparapọ̀ fi rọ́wọ́ mú nínú ogun Kírìjì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn ún gbọ́. Kò sí èyí tó dúró nínú wọn, àṣìṣe kan náà ló sì bí wọn. N kò ní fi àyè ṣòfò lórí ohun tí ẹ̀tù dúdú jẹ́. Saltpetre, èédú àti imí ọjọ́, nǹkan bí 75, 15 àti 10 nínú ọgọ́rùn-ún: ẹni tó ń ka irú ìwé yìí ti mọ ìyẹn.

Wíwá arọ́pò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1857, Lammot du Pont gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀tù tí a fi nitrate ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe dípò saltpetre tó ń ti Íńdíà wá. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn awakùsà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra jù, kò sì rí ààyè nínú ìbọn. Ní 1884, Paul Vieille ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín ní ilẹ̀ Faransé, láti ara òwú tí ásíìdì ti yí padà. N kò ka ìyẹn sí arọ́pò rárá. Bí ipá bá ṣe ń ga nínú ọ̀pá ìbọn ni iná rẹ̀ ń yára sí i, iná tó yára náà á sì tún gbé ipá ga. Ti ẹ̀tù dúdú kì í le tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ki ẹ̀tù aláìléèéfín sínú rẹ̀, ọ̀pá omi tí alágbẹ̀dẹ fi rọ ìbọn lè fàya lójú ẹni tó yìn ín. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe ìbọn kan ní Amẹ́ríkà, Savage 10ML, tó lè gbà á, ṣùgbọ́n irin tiẹ̀ kì í ṣe irin ṣakabùlà.

Arọ́pò tí akẹgbẹ́ mi ní lọ́kàn ni Pyrodex àti àwọn àbúrò rẹ̀. Dan Pawlak ló ṣe Pyrodex. Iná jó ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Issaquah, ìpínlẹ̀ Washington, ní 1977, òun fúnra rẹ̀ sì bá iná náà lọ. Ilé iṣẹ́ Hodgdon ló sọ ọ́ di ọjà káàkiri. Kí ló mú kí ẹnikẹ́ni wá a? Kì í ṣe pé agbára ẹ̀tù dúdú tán. Òfin ni. Ohun abúgbàù ni ẹ̀tù dúdú lójú òfin wọn. Ẹlẹ́rù kì í fẹ́ gbé e, oníṣọ́ọ̀bù kò sì lè tò ó sórí pẹpẹ bó ṣe wù ú. Ohun tí kò tètè gbiná ni ọjà ń béèrè, ohun tí kò tètè gbiná náà ni wọ́n sì ṣe fún un. Kí òǹkàwé fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí wà.

Lórí ìwọ̀n, mo gbà fún akẹgbẹ́ mi. Pyrodex fúyẹ́ ju ẹ̀tù dúdú lọ, gẹ́gẹ́ bí ṣíbí èlùbọ́ kan kò ṣe wọ̀n tó ṣíbí iyọ̀ kan, nítorí náà ìkún òṣùwọ̀n ni a fi ń bù ú, a kì í gbé e sórí ìwọ̀n. Triple Seven, àbúrò rẹ̀ kan tí kò ní imí ọjọ́ nínú, lágbára débi pé àwọn tó ṣe é ní kí a dín in kù ní ìdá 15 nínú 100. Ẹni tó bá tẹ̀ lé èyí, ọta rẹ̀ yóò lọ bó ṣe yẹ, bí ìbọn rẹ̀ bá dún.

Gbígba iná kì í ṣe títi ọta

Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀tù ń ṣe. Ó ní láti gba iná, ó sì ní láti ti ọta. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìbọn fẹ́ràn èkejì, nítorí pé a lè fi nọ́ńbà sọ ọ́. Wọ́n á ka bí ọta ṣe yára tó, wọ́n á ní arọ́pò kan bá ẹ̀tù dúdú dọ́gba, ẹjọ́ sì parí. Èkínní ni kò parí.

Ẹ wo ìbọn olókùúta dáadáa. Ọdẹ fi ìka fà á. Akọ òkúta tó wà lẹ́nu òòlù ìbọn já wálẹ̀, ó ha ara irin tó dúró níwájú rẹ̀. Iná tó ń ta pàràpàrà níbẹ̀ kì í ṣe ti òkúta. Ègé irin wínníwínní ni, tí òkúta ha kúrò, tó gbóná débi pé ó ń jó nínú afẹ́fẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ó bá ẹ̀tù kíkúnná níbẹ̀, ìyẹn sì gbiná fùú. Iná ọ̀hún ní láti gba ihò tín-ín-rín wọlé lọ bá ẹ̀tù tí a ti ki sínú. Ibi méjì ni iná ti ń kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì, kò sì sí ọ̀kankan tí ó ní agbára púpọ̀. Ẹ̀tù dúdú ń gbà á nítorí pé kì í béèrè ju ìtapàrà lọ. Arọ́pò tí a ṣe kí ó má baà tètè gbiná ń béèrè jù bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ìbọn á kọ̀. Nígbà mìíràn, èyí tó burú jù, á pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún, ọdẹ á sì ti ń sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀ nígbà náà.

Ìbọn oníkápù yàtọ̀. Ní 1807 ni Alexander Forsyth, àlùfáà ará Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí lílo kẹ́míkà tó ń gbiná bí a bá ti lù ú, láti ibẹ̀ ni kápù sì ti wá. Iná tiẹ̀ gbóná, ó sì ń fẹ́ tààrà bá ẹ̀tù. Inú irú ìbọn yìí ni Pyrodex ti ń ṣe dáadáa. Ohun tí akẹgbẹ́ mi kà nípa ìbọn oníkápù ló gbé lé ìbọn olókùúta lórí.

Ní Pennsylvania, níbi tí ìjọba ti ya àkókò ọdẹ kan sọ́tọ̀ fún ìbọn olókùúta láti 1974, ẹ̀tù dúdú ni àwọn ọdẹ ṣì ń wá kiri. Àwọn kan a máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó ki arọ́pò lé e. Arọ́pò tó bá nílò ẹ̀tù dúdú kí ó tó lè gbiná kò tíì rọ́pò rẹ̀. Àní nínú ẹ̀tù dúdú fúnra rẹ̀ ìyàtọ̀ náà wà: hóró tó kúnná jù, tí wọ́n ń pè ní FFFFg, ni wọ́n ń fi sínú àwo, hóró ńlá sì ni ti ọ̀pá ìbọn fífẹ̀. Èédú kan náà ni, imí ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 pàápàá dárúkọ ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbẹjọ́rò rí ìyàtọ̀ tí onímọ̀ kò rí.

Ní ti Kírìjì, tí a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886, ìbọn Snider tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó kì í lo ẹ̀tù mìíràn. Ẹ̀tù dúdú ló wà nínú ọta rẹ̀. Láti ìdí ìbọn ni wọ́n ti ń kì í, ọta, ẹ̀tù àti kápù sì wà pọ̀ nínú ìkarahun kan, nítorí náà òjò kò rí iná pa, ọwọ́ sì yá. Ìpàdé Brussels ti 1890 mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa: nígbà tí wọ́n fẹ́ ká ìbọn ìgbàlódé kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn ilẹ̀ Áfíríkà, ìbọn olókùúta tí ọ̀pá rẹ̀ jọ̀lọ̀ àti ẹ̀tù ọjà ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ìbọn tó ń fẹ́ ẹ̀tù tó tètè gbiná ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Ti ìdọ̀tí kò gba àyè. Noble àti Abel fi hàn ní 1875 pé ó lé ní ìdajì ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú tó ń di èérí líle lẹ́yìn tó bá jó. Arọ́pò tó ní perchlorate nínú ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn náà sì ń dípẹtà. Ẹ fọ ìbọn yín.

N kò sọ pé arọ́pò kò wúlò, n kò sì sọ pé ìwádìí tó parí nìyí. Ohun tí mo lè fi ìṣọ́ra sọ ni pé ó jọ pé kò tíì sí arọ́pò kan lórí àtẹ tó yẹ kí a fún ọdẹ olókùúta láìkọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń gba iná. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí mìíràn, kí ó mú un wá. N kò retí rẹ̀.

Ìbọn tí kò ní ọta

Gbogbo èyí dá lé ìbọn tó ní ọta nínú. Kí ni a ó sọ nípa ìbọn tí àwọn ọdẹ ń yìn sókè nígbà ìsìnkú ọdẹ, tàbí ti àwọn ẹlẹ́ṣin Tbourida ní Mòrókò, tí UNESCO fi sínú àkójọ àṣà rẹ̀ ní 2021? Níbẹ̀ kò sí ọta tí ẹ̀tù ń tì. Ìró àti èéfín ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì di iṣẹ́ kẹta tí àlàyé mi òkè yìí kò gba. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jọ lórí rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé lọ bá àwọn olóyè ọdẹ ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bóyá ẹ̀tù tí kò ní imí ọjọ́, tí kò sì ní òórùn tí gbogbo ìlú mọ̀, yóò jẹ́ ìbọn ẹ̀yẹ lójú wọn.