Ọdún tàbí Ọlidé: Ọ̀rọ̀ Àjọ̀dún ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọba ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Yorùbá ń lò fún ohun tí òfin ìjọba kà sí nǹkan kan ṣoṣo. Èkíní ni ọdún, tí ó dúró fún oṣù méjìlá, tí ó sì tún dúró fún àjọ̀dún: ọdún Egúngún, ọdún Iléyá, ọdún Kérésìmesì. Ẹni tí ó bá ní òun ń ṣe ọdún ní oúnjẹ lórí iná, ó ní àlejò nílé, ó sì ní ohun tí ó ń sìn. Èkejì ni ọlidé, ọ̀rọ̀ àyálò tí ó bá ilé-ìwé àti iṣẹ́ ọba wọlé, tí kò sì ju pé kí ènìyàn má wá síbi iṣẹ́ lọ. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba máa ṣe àjọ̀dún ni ó ti ṣìnà nítorí pé wọ́n da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ìjọba ti pín ọlidé láàárín Kirisiteni àti Mùsùlùmí ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ ìdọ́gba. Ọdún tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ilé-ìwé ni kò dọ́gba, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilé-ìwé.

Àwọn ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ ni ín. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní Oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti CMS dé ibẹ̀ ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ní 1843 ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí CMS fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846, kò sí ògiri láàárín ilé-ìwé àti ilé ìsìn. Tíṣà tí ó ń kọ́ ọmọ ní a-bí-dí ní Ọjọ́ Ajé náà ni ó ń ka Bíbélì fún ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè pé ṣé kí wọ́n ṣe Kérésìmesì kò lè dìde, bí kò ti lè dìde ní ojúbọ pé ṣé kí wọ́n bọ òrìṣà. Ìwé J. F. Ade Ajayi lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì láti 1841 sí 1891, tí ó jáde ní 1965, wo iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó mọ ẹgbẹ́ ọ̀làjú tuntun. Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi kún un: ọ̀kan nínú ohun tí ilé-ìwé fẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọdún ilé bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé ilé-ìwé kàn ṣe ọdún tirẹ̀ nìkan. Ó tún kọ́ ọmọ pé kí ó kẹ̀yìn sí Egúngún àti Orò.

Àwọn Mùsùlùmí tètè rí èyí. Ọ̀pọ̀ bàbá fi ọmọ wọn sílẹ̀ ní ilé-kéú nítorí ẹ̀rù pé ilé-ìwé yóò sọ ọ́ di Kirisiteni. Àwọn mìíràn fi ọmọ sí ilé-ìwé ìjọ, wọ́n sì fara mọ́ ọn bí ó ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àlùfáà sọ ọ́. Owó ńlá ni àwọn Mùsùlùmí san lórí ìpinnu yìí, nítorí pé nígbà tí iṣẹ́ akọ̀wé ń pọ̀ sí i ní Èkó, àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n kún ibẹ̀. Ní 1896, lábẹ́ Gómìnà Gilbert Carter, tí Edward Blyden sì ṣe alárinà, ìjọba dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó. Ní 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Ẹ kíyè sí irú ìdáhùn tí èyí jẹ́. Wọn kò sọ pé kí ilé-ìwé má ṣe ọdún mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí àwọn náà ní ilé-ìwé tí yóò máa ṣe ọdún tiwọn. Ìdáhùn tí ó dára ni fún ẹni tí ó ní ẹgbẹ́ àti owó. Ní ti oníṣẹ̀ṣe, kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ó kọ́ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ káàkiri fún un.

Ọdún kan wà tí gbogbo ilé-ìwé jọ ń ṣe, èyí tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sìn máa ń fò dá. Ìyẹn ni Ọjọ́ Ẹ́mpáyà, 24 Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria tí ó kú ní 1901. Ọmọ ilé-ìwé ìjọ àti ọmọ ilé-ìwé Mùsùlùmí jọ ń yan níwájú ọ̀gá òyìnbó, wọ́n ń kí àsíá, wọ́n ń kọ orin ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń sáré ìje. Kò sí àdúrà tí ó kó bàbá ẹnikẹ́ni lọ́kàn sókè. Síbẹ̀, ìsìn ni. Ẹni tí wọ́n ń sìn ni ó yàtọ̀. Ní 1958 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí orúkọ ọjọ́ náà padà sí Ọjọ́ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, òmìnira sì dé ní 1960. Lẹ́yìn náà, 27 Oṣù Karùn-ún di Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ mẹ́ta péré sí ti Ẹ́mpáyà. Yíyan náà kò yí padà, ìlù àti aṣọ funfun kò yí padà. Gómìnà ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó dúró síbi tí ọ̀gá òyìnbó dúró sí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ilé-ìwé ìjọba lè yọ ọwọ́ nínú gbogbo àjọ̀dún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò ṣe sí èyí.

Ìṣòro tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 17 Oṣù Kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954 àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà kò tó 460,000. Ní 1955 wọ́n ti ju 800,000 lọ. Láti ilé wo ni àwọn tuntun wọ̀nyí ti wá? Láti ilé onígbàgbọ́, láti ilé ìmàle, láti ilé ọlọ́sányìn àti ilé onífá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì wà ní ọwọ́ àwọn ìjọ. Owó orí gbogbo ìlú ni ó ń gbé ilé-ìwé ró. Kàlẹ́ńdà ìjọ ni ó ń darí rẹ̀. Oṣù Kìíní ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ó ń parí nígbà Kérésìmesì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdùnnú pé ọmọ yege sí kíláàsì tuntun fi so mọ́ ọdún Kirisiteni lọ́kàn ọmọ, ohun yòówù kí bàbá rẹ̀ máa sìn.

Nígbà tí ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1979 sọ ọ́ ní abala 35(2), èyí tí ó padà wá ní abala 38(2) ti 1999: kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi dandan mú láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n dandan ni ó kọ̀. Kò kọ ọdún. Ó fi ẹrù kíkọ̀ lé ọmọ àti òbí lórí. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní orin Kérésìmesì ní ẹ̀tọ́ láti jáde. Bí ó bá jáde, ìta ni yóò dúró sí, yóò máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Àwọn náà yóò sì ti mọ̀ kí oòrùn tó wọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Kò sí ọmọ tí ó fẹ́ irú ẹ̀tọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí àìsí ẹjọ́ láti ọ̀dọ̀ òbí kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Kàlẹ́ńdà náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀, kì í sì í ṣe ìkà ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án, Kérésìmesì ń bọ́ sí òpin táàmù àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ilé-ìwé tilẹ̀ ti padé ní ọjọ́ náà gan-an, ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún páátì, eré ìbí Jésù àti Bàbá Kérésìmesì. Iléyá ń tẹ̀ lé òṣùpá. Ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yẹ̀ lọ́dọọdún: 28 Oṣù Kẹfà ní 2023, 16 Oṣù Kẹfà ní 2024, 6 Oṣù Kẹfà ní 2025. Kò sí táàmù tí ènìyàn lè so mọ́ ọn. Àwọn ọmọ a lọ sílé, wọn a padà, ẹ̀kọ́ ìṣirò a sì máa bá a lọ. Ti oníṣẹ̀ṣe tilẹ̀ lágbára jù. Ọ̀ṣun ti ń fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 Oṣù Kẹjọ, ní ọlidé kí àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ògùn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ayọ̀ ńlá ni fún àwọn tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Oṣù Kẹjọ wà láàárín ọlidé gígùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ìjọba fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi, ọmọ ilé-ìwé kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan ní kí ilé-ìwé ìjọba pa gbogbo ọdún tì. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò bá bí Yorùbá ti ń gbé mu. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ó ti ṣẹ̀, síbẹ̀ Kirisiteni àti oníṣẹ̀ṣe wà nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ń lọ kí Awùjalẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ọmọ tí ó ti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá kò nílò kí ilé-ìwé fi ọdún pamọ́ fún un. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí náà ṣòro, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọdún ni ó ṣeé gbé wá sí pápá ilé-ìwé. Obìnrin kì í rí Orò, ọmọdébìnrin sì wà ní kíláàsì.

Ibi tí ìtàn yìí tọ́ka sí kéré ju méjèèjì lọ. Kí ilé-ìwé kọ́ ọmọ nípa gbogbo ọdún ìlú rẹ̀, ìgbà rẹ̀, ìdí rẹ̀ àti àwọn tí ó ni ín. Kí àdúrà, orin ìsìn àti ẹbọ wà lọ́wọ́ ilé, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ojúbọ. Eléyìí ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà, nítorí pé Bàbá Kérésìmesì rọrùn ju àlàyé lórí òṣùpá lọ. Ní 2025, láàárín ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní 27 Oṣù Karùn-ún, Iléyá ní 6 Oṣù Kẹfà, àti Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa ní 12 Oṣù Kẹfà. Ọlidé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wọn. Èyí tí wọ́n wọ aṣọ ilé-ìwé lọ ṣe nínú wọn ni èyí tí wọ́n ti ń yan.