Láti Èkó lọ sí Òkè-Ògùn: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣí lọ dá oko kékeré mọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dá oko ló ń wá owó rẹpẹtẹ nídìí rẹ̀. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wà tó kàn fẹ́ kúrò nínú ariwo Èkó, kó máa já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, kó sin ewúrẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sì gbin àgbàdo tí òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì, owó ilé tó fi háyà tàbí èyí tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ ló ń ná. Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ló gbé e dé oko.

Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fojú sí. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí. Àwọn èèyàn máa ń pe agbègbè náà ní agbọ̀n oúnjẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti Èkó. Àmọ́ àwọn àgbà ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi í ríran. Owó tí èèyàn fi ogún ọdún kó jọ lè wọlẹ̀ láàárín ọdún kan ṣoṣo bí kò bá mọ ohun tó yẹ kó bèèrè.

Irú ilẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, kò rí bí igbó kìjikìji Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá ń rò pé òun máa gbin kòkó síbẹ̀ ti ṣìnà. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ni ilẹ̀ náà mọ̀. Nínú igi eléso, káṣú àti mángòrò máa ń ṣe dáadáa.

Òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, á sì dáwọ́ dúró nígbà tí oṣù Kẹwàá bá ń parí lọ. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ló kù. Ẹni tó ti pẹ́ ní Èkó, níbi tí omi ti ń da èèyàn láàmú, lè má rò ó pé kànga lè gbẹ pátápátá. Nítorí náà, kí ó tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi àwọn ará abúlé ni pé: níbo ni ẹ ti ń pọn omi nínú oṣù Kejì?

Ó dáa kí èèyàn wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa mọ̀ bóyá omi wà. Ìgbà òjò ló máa mọ̀ bóyá ọkọ̀ lè dé ibẹ̀, torí ọ̀nà oko tó dáa nínú oṣù Kìíní lè di ẹrẹ̀ tí ọ̀kadà gan-an kò ní lè gbà nínú oṣù Kẹsàn-án.

Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà?

Ibí yìí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀ ní ìgbèríko. Síbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko ṣì wà.

Ní abẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ń tẹ̀lé, bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí náà bá sì tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbààgbà ẹbí mọ̀ sí i, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé rìsíìtì tí ọmọkùnrin kan kọ fún èèyàn lábẹ́ igi kì í ṣe ẹ̀rí tó lè dúró. Olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, lọ́yà ló sì yẹ kó kọ ọ́. Kí sọ̀fíọ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba n'Ìbàdàn bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì fẹ́ rà lè gba ilẹ̀ dá oko, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ọ̀nà yìí dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, torí ó máa fi ọdún kan tàbí méjì mọ ìlú. Ó ní ààlà tirẹ̀ ṣá o. Ohun ọ̀gbìn ọlọ́dún bí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ayálẹ̀ sábà máa ń gbìn. Bó bá lọ gbin káṣú tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ, onílẹ̀ á ní ó fẹ́ sọ ilẹ̀ di tirẹ̀, ìjà dé nìyẹn.

Éékà mélòó ló tó?

Púlọ́ọ̀tì bíi mẹ́fà tó jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti ọgọ́fà ní òró ló wà nínú éékà kan. Hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì ààbọ̀. Bí èèyàn bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan síra wọn, nǹkan bíi 4,000 ìdí ni yóò wọ éékà kan ṣoṣo. Kí ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń fọkàn sí éékà márùn-ún rò ó dáadáa: ta ni yóò ro 20,000 ìdí ẹ̀gẹ́?

Fún oko ìfẹ́ ọkàn, ìdajì éékà lè pọ̀ tó lọ́dún àkọ́kọ́. Àgbàdo máa ń gbó láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀gẹ́ máa ń gbà tó oṣù mẹ́jọ sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbin méjèèjì pọ̀ yóò ti rí ohun kan jẹ kí èkejì tó dàgbà. Kó máa ṣọ́ kòkòrò tó ń jẹ inú àgbàdo, èyí tó ti ń da àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà láàmú láti ọdún 2016. Kùtùkùtù ló yẹ kí èèyàn máa yẹ ewé wò. Bí ihò bá ti pọ̀ lára wọn, ó ti ń pẹ́ jù nìyẹn.

Ẹran ọ̀sìn ńkọ́?

Ewúrẹ́ máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ó sì lè bí ìbejì. Èyí ló ń jẹ́ kó wu èèyàn. Àmọ́ ewúrẹ́ tí wọn kò bá so, tí kò sì sí nínú ọgbà, oko ẹlòmíràn ló ń lọ. Adìẹ tó ń yé ẹyin kì í bẹ̀rẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún sí ogún, gbogbo àsìkò yẹn ló sì ń jẹun. Lùkúlùkú lè pa gbogbo adìẹ inú ilé tán láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí wọn kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò. Kí ẹni náà wá dókítà ẹran tó sún mọ́ ibẹ̀ kó tó ra adìẹ àkọ́kọ́.

Ààbò, aládùúgbò àti ìlera

Ìjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ti ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ẹ̀mí sì ti bá a lọ. Ọdún 2019 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀, Àmọ̀tẹ́kùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2020. Síbẹ̀, kò yẹ kí àlejò dá kọ́lé sí àárín oko tó jìnnà sí abúlé. Kó máa gbé láàárín àwọn èèyàn, kó máa lọ sóko láàárọ̀. Kó lọ kí baálẹ̀ kó tó gbé ọkọ́, kó sì gba nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n ló máa sáré pè é bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ń jó bọ̀ wá sí oko rẹ̀. Kó ti ro àyíká oko mọ́ kí oṣù Kejìlá tó wọlé, kí iná má bàa rí koríko gbà kọjá.

Ìlera náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ lọ síbi tí yóò ti máa fi idaji ọjọ́ wá oògùn. Ilé ìwòsàn wà n'Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Ó yẹ kó mọ iye wákàtí tí yóò gbà kó tó débẹ̀ láti oko, pàápàá bí ejò bá bu èèyàn jẹ.

Báwo ló ṣe yẹ kí ọdún àkọ́kọ́ rí?

Ọ̀nà tí kò ní ewu púpọ̀ ni kí èèyàn má tíì ta ilé tó ní l'Ékòó. Kó háyà yàrá ní ìlú tó fẹ́ lọ láti oṣù Kìíní, kó wo ẹ̀ẹ̀rùn, kó mọ àwọn èèyàn. Kó gba ilẹ̀ kékeré nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kó gbìn, kó kórè. Kó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀, kó sì bi àwọn àgbẹ̀ tó bá níbẹ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọkọ bá fẹ́ lọ tí ìyàwó kò fẹ́, ọdún yìí náà ló máa fi hàn bóyá ilé méjì ni wọn yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí ara ṣì le, tí owó kò tán, tí ìlú sì wu gbogbo ilé, nígbà náà ni kó pe lọ́yà láti ra ilẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó háyà yàrá àti ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan ló ná, ilé rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí.