USPF: Owó tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé ìwé

Ta ló yẹ kó sanwó íntánẹ́ẹ̀tì nílé ìwé ìjọba? Òbí ni àbí ìjọba?

Owó kan wà nílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, USPF ni wọ́n ń pè é. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló dá a sílẹ̀, abẹ́ àjọ NCC ló sì wà. Nínú owó tí àwọn iléeṣẹ́ bíi MTN, Glo àti Airtel ń san fún NCC lọ́dọọdún ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òun ni wọ́n fi ń gbé kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ sáwọn ilé ìwé àti ilé ìkàwé kan.

Ní Amẹ́ríkà, E-Rate ni tiwọn, látinú òfin ọdún 1996. Ó ń bá ilé ìwé san ìdá 20 sí 90 nínú 100. Ibi tí òṣì bá ti pọ̀ ló ń gbà jù.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Bí dátà bá tán, tí iná ò sí, ẹ̀rọ á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Torí náà, kí ilé ìwé kankan ní Ajuwon, Mowe tàbí Ibafo tó gbà á, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ni yóò máa ra dátà lẹ́yìn ọ̀la?